Gáàsì Inú Ikùn: Àgbéyẹ̀wò Bí Wọ́n Ṣe Ń Dènà Ewu Rẹ̀ Nínú Iṣẹ́ Abẹ Láparósíkópì

Iṣẹ́ abẹ láparósíkópì ni èyí tí àwọn dókítà ń ṣe nínú ikùn láì la ikùn gbalaja, nítorí pé ihò kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ, ni wọ́n ń gbà ti kámẹ́rà àti irinṣẹ́ wọlé, tí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yóò sì máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ikùn ènìyàn kì í ṣe ibi tó ṣófo: ìfun, ẹ̀dọ̀ àti àpò ìtọ̀ fara ti ara wọn, awọ ikùn sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kámẹ́rà kò lè rí àyè ríran. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ gáàsì sínú ikùn, kí awọ rẹ̀ lè gbé sókè, kí àyè sì ṣí sílẹ̀ fún iṣẹ́. Gáàsì yìí, tí kò bá gáàsì ìdáná tan rárá, ló mú kí irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe, òun kan náà ló sì mú irú ewu kan wá tí iṣẹ́ abẹ àtijọ́, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ la ikùn ṣe, kò ní nínú.

Fún àwọn ará Ìfọ́n, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orólú, àti àwọn ará Ìlobùú, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun mọ́. Àárín Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ìlú méjèèjì wà, ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá sì ju agbára ilé ìwòsàn àdúgbò lọ lè forí lé ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tàbí kí ó dojú kọ Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907 ti di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Bowen, tàbí kí wọ́n darí rẹ̀ sí àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ yìí ni àkọsílẹ̀ ti fi bí iṣẹ́ abẹ náà ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ọ̀ṣun hàn kedere: ní 2011, Adisa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn jáde lórí bí wọ́n ṣe ń yọ àpò òróòro lọ́nà yìí níbẹ̀, nígbà tó sì di 2013 wọ́n tẹ òmíràn jáde tó fi hàn pé ọgbọ́n àtinúdá, ìyẹn lílo ohun tó wà nítòsí dípò ohun tí owó kò ká, wà lára ohun tó gbé iṣẹ́ náà dúró ní ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti ìlú ńlá. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jáde láti Ìbàdàn ní 2013 àti láti Owerri ní 2014, èyí tó kẹ́yìn yìí sì dá lórí ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ láàárín àwọn ènìyàn tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará oko.

Ọgbọ́n àtinúdá yìí yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà lè di àpò tí wọ́n fi ń kó àpò òróòro jáde, okùn tí wọ́n ta ní kókó sì lè rọ́pò ìdè onírin tí wọ́n ń rà lọ́wọ́n gógó, aláìsàn kò sì ní tìtorí rẹ̀ pàdánù ohunkóhun. Ìwọ̀n gáàsì ni kò ní àfirọ́pò. Ìfúnpá tí gáàsì fi ń ti ikùn, ibi tí gáàsì wọ̀, àti iye rẹ̀ tó ti dé inú ẹ̀jẹ̀, kò sí èyí tí ojú tàbí ọwọ́ lè mọ̀ dájú nínú wọn láìsí ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n, ibi tí ètò ìdènà sì ti ń mẹ́hẹ jù ní àwọn ilé ìwòsàn ẹkùn yìí kò jìnnà sí ibẹ̀.

Wọn kò dédé yan kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, gáàsì tí ẹ̀dá ń mí síta, láti máa lò ó. Nígbà tí Georg Kelling, dókítà ará Jámánì, wo inú ikùn ajá ní 1901, afẹ́fẹ́ lásán tí wọ́n ti sẹ́ ló fẹ́ sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ni Hans Christian Jacobaeus lò ní Sweden nígbà tó gbé ọgbọ́n yìí dé ara ènìyàn ní 1910. Richard Zollikofer, ará Switzerland, ló dábàá kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ní 1924, ìdí méjì tó fi yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ kò sì tíì yí padà títí dòní. Èkíní ni pé kì í ran iná lọ́wọ́, èyí tó ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi iná mànàmáná jó ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, nítorí pé ọ́síjìn ń ran iná, bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì náítírọ́ọ̀sì tí àwọn kan ti lò rí. Èkejì ni pé ó ń tètè yòrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró sì ń yára mí i jáde, nígbà tí afẹ́fẹ́ lásán, tí nítírójìn pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í fẹ́ yòrò, tí ó sì lè dúró bí ìfófòó nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ títí tí yóò fi ṣekú pani. Ó tún jẹ́ gáàsì tí kò wọ́n, òun náà kúkú ni àwọn tó ń ṣe mínírà ń fi sínú ìgò kí ó lè máa hó. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fẹ́ ẹ sínú ikùn náà ń dára sí i: Janos Veress ará Hungary ṣàlàyé abẹ́rẹ́ kan ní 1938, tó jẹ́ pé ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ṣe é fún, abẹ́rẹ́ náà sì ní ọ̀pá kúńbọ́ kan nínú tó máa ń yọ síta kí ẹnu mímú rẹ̀ má bàa gún ohun tó wà lẹ́yìn awọ, ní àwọn ọdún 1960 ni Kurt Semm ṣe ẹ̀rọ afẹ́gáàsì tó ń wọn ìfúnpá fúnra rẹ̀. Láìsí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro láti rò ó pé Erich Mühe lè fi ọ̀nà yìí yọ àpò òróòro ní 1985, iṣẹ́ abẹ tó sọ láparósíkópì di ohun tí gbogbo àgbáyé ń ṣe.

Kódà bí gáàsì bá wà níbi tó yẹ kó wà, kì í ṣe aláìṣe nǹkan kan. Ó ń gba ara awọ fẹ́lẹ́ tó bo inú ikùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ, ó sì ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan díẹ̀díẹ̀, pàápàá láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 àkọ́kọ́, kí ó tó dúró lójú kan. Aláìsàn tí oògùn ti kùn lóorun kò lè fúnra rẹ̀ mí kánkán láti lé e jáde, nítorí náà dókítà akunilóorun ni yóò bá a fi kún iye èémí tí ẹ̀rọ ń fún un, títí tí ìwọ̀n gáàsì inú èémí rẹ̀ yóò fi padà sáàárín 35 sí 45 lórí òṣùwọ̀n mílímítà mẹ́kúrì, òṣùwọ̀n kan náà tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìfúnpá gáàsì náà ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀: bí ó bá ti ń kọjá 15 lórí òṣùwọ̀n yẹn, ó ń tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn mọ́lẹ̀, ó ń ti ẹran pẹrẹsẹ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn sókè kí ẹ̀dọ̀fóró má lè gbòòrò, ó sì ń dín ìtọ̀ tí kíndìnrín ń ṣe kù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fi ń dúró sí 12 sí 15 fún àgbàlagbà, tí ti ọmọdé sì máa ń rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan tó máa ń ba ẹni tí kò tíì rí i rí lójijì ni pé bí gáàsì bá fi ìkánjú na awọ ikùn, iṣan ìmọ̀lára kan tó so ikùn pọ̀ mọ́ ọkàn lè mú kí ọkàn máa lù fàà, kódà kí ó dá lílù dúró. Ìdènà rẹ̀ rọrùn: lítà kan péré ní ìṣẹ́jú kan ni kí gáàsì fi bẹ̀rẹ̀, kí oògùn atropine sì wà nítòsí, bí ọkàn bá rẹ̀wẹ̀sì, kí wọ́n tú gáàsì sílẹ̀ kíákíá kí wọ́n tó ṣe ohun mìíràn.

Ìgbà tí ewu pọ̀ jù ni ìgbà tí gáàsì kò tíì wọlé rárá, tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ń wá ọ̀nà wọ inú ikùn láìsí ohun tó ń fọ̀nà hàn án. Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ń tọ̀. Àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ Veress gún ìdodo láì la ibẹ̀, àwọn kan sì ń fi ọ̀bẹ ṣí ojú kékeré, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí inú ikùn kí wọ́n tó ti ọ̀pá kúńbọ́ wọlé, gẹ́gẹ́ bí Harrith Hasson ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ní 1971. Nínú àgbéyẹ̀wò tí Bonjer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 1997, tí wọ́n kó ìròyìn àwọn aláìsàn tó lé ní 489,000 jọ fún ọ̀nà ti abẹ́rẹ́ àti 12,444 fún ọ̀nà ti ṣíṣí, ìpalára fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá jẹ́ 75 nínú 100,000 fún ti àkọ́kọ́, kò sì sí ẹyọ kan nínú ti èkejì. Ẹni tó bá ka èyí lè parí èrò sí pé kí gbogbo ènìyàn pa abẹ́rẹ́ tì, ṣùgbọ́n iye àwọn tó wà nínú ọ̀wọ́ kejì kéré gan-an sí ti èkíní, àwọn àgbéyẹ̀wò tó tẹ̀lé e láti ọ̀dọ̀ Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kò sì rí ẹ̀rí tó pọ̀ tó láti sọ pé ọ̀nà kan borí èkejì lórí àwọn ìpalára ńlá. Èyí tí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ mọ́ jù ló sábà máa ń sàn jù fún aláìsàn rẹ̀, àyàfi níbi tí àpá àtijọ́ bá wà. Obìnrin tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lè ní ìfun tó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àpá náà títí dé ìdodo, fún irú rẹ̀ sì ni ibi tí Raoul Palmer ará Faransé tọ́ka sí, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sábẹ́ egungun ìhà òsì, ti máa ń wúlò, bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fi rọ́bà tí wọ́n gba imú tàbí ẹnu sọ̀kalẹ̀ tú ohun tó wà nínú àpò oúnjẹ.

Báwo ni oníṣẹ́ abẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹnu abẹ́rẹ́ ti wà níbi tó yẹ? Àwọn kan ń kán omi sórí abẹ́rẹ́ kí wọ́n wò bóyá yóò fà wọlé, àwọn kan ń fi sírínjì fà á wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ yóò jáde, àwọn mìíràn sì ń mi abẹ́rẹ́ náà sọ́tùn-ún sósì. Ìwádìí ti fi hàn pé èyí tó ṣeé gbára lé jù nínú gbogbo wọn ni ìfúnpá tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ kà: bí ó bá wà lábẹ́ 10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé inú ikùn ni, bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu abẹ́rẹ́ wà nínú ẹran tàbí nínú ọ̀rá, gáàsì kò sì gbọ́dọ̀ lọ síwájú. Ìlànà àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin ní Kánádà tilẹ̀ ta ko mímì abẹ́rẹ́, nítorí pé ihò tí kò ju mílímítà 1.6 lọ lè tipa bẹ́ẹ̀ di ojú yíya tó tó sẹ̀ǹtímítà kan lára ìfun tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan sì tún wà tí wọ́n máa ń gbójú fò: afẹ́fẹ́ lásán ló kún inú rọ́bà tó so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí ni yóò sì kọ́kọ́ wọ ara aláìsàn bí nọ́ọ̀sì kò bá jẹ́ kí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì kọ́kọ́ fọ inú rọ́bà náà jáde.

Ìdí tí afẹ́fẹ́ kékeré yẹn fi ṣe pàtàkì ni ewu tó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn kí gáàsì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, kí ó bá ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn, kí ó sì dí ojú ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, nítorí pé méje péré ni Bonjer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí nínú àwọn aláìsàn tó lé ní 489,000 wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ó ń pa púpọ̀ nínú àwọn tó bá ṣẹlẹ̀ sí. Abẹ́rẹ́ tó wọ inú iṣan ni orísun rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti jìnnà, iṣan tí wọ́n gé lára ẹ̀dọ̀ tàbí nínú ìbàdí lè fa gáàsì mu, pàápàá bí ibi iṣẹ́ bá ga ju ọkàn lọ tí ìfúnpá gáàsì sì pọ̀ ju ti ẹ̀jẹ̀ inú iṣan náà. Ẹ̀rọ kan tó ń fi gáàsì argon dá ẹ̀jẹ̀ dúró ti ṣokùnfà rẹ̀ rí, nítorí pé argon kì í yòrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń mú kí ìfúnpá inú ikùn ga lójijì bí wọn kò bá ṣí ihò kan sílẹ̀ fún un. Àmì tó kọ́kọ́ ń yọ ni pé kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì inú èémí á já wálẹ̀ wìì, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ì bá gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró kò rọ́nà kọjá mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru yóò wálẹ̀, tí àwọ̀ aláìsàn yóò sì ṣú. Ohun tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ ṣe kò gba àròjinlẹ̀ rárá: kí wọ́n dá gáàsì dúró kí wọ́n sì tú èyí tó wà nínú ikùn, kí akunilóorun pa gáàsì náítírọ́ọ̀sì bí ó bá ń lò ó, nítorí pé ó ń mú kí ìfófòó wú sí i, kí ó sì fún aláìsàn ní ọ́síjìn gidi, kí wọ́n dá aláìsàn dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, kí orí rẹ̀ sì rẹlẹ̀, kí gáàsì lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà bí ọkàn bá dá dúró. Nítorí pé kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ń yòrò, aláìsàn tí wọ́n bá tètè dá mọ̀ lè bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá, àǹfààní tí afẹ́fẹ́ lásán kò fúnni.

Gáàsì tó ṣìnà lọ sábẹ́ awọ kò le tó bẹ́ẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tẹ awọ ikùn, àyà tàbí ọrùn irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, yóò máa dún bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ń tẹ ewé gbígbẹ, ojú rẹ̀ sì lè wú. Iṣẹ́ abẹ tó ju wákàtí mẹ́ta lọ, ihò tó tó mẹ́fà, àti ọ̀pá tó ń yọ wọlé yọ jáde lẹ́nu ihò wà lára ohun tó ń fà á. Gáàsì abẹ́ awọ ń tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bí ìwọ̀n gáàsì inú èémí bá kọjá 50 tí fífi kún èémí kò sì mú un wálẹ̀, ó yẹ kí akunilóorun fọwọ́ tẹ awọ aláìsàn wò kí ó tó máa wá ìdí mìíràn, kí ó sì má yọ rọ́bà ọ̀nà ọ̀fun títí ìwọ̀n náà yóò fi padà bọ̀ sípò. Bí gáàsì bá gba inú àlàfo kan nínú ẹran ààlà dé inú àyà, ó lè tẹ ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọgbẹ́ lára ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀, ó sábà máa ń yòrò láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n bá tú gáàsì ikùn sílẹ̀, a kì í sì í gún àyà nítorí rẹ̀ àfi bí èémí tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń bàjẹ́.

Àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní òkè òkun kì í sọ púpọ̀ lórí sílíńdà, bóyá nítorí pé láti inú ògiri ni gáàsì ti ń jáde ní àwọn ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Ní Ọ̀ṣun, sílíńdà ni ìbẹ̀rẹ̀ ìdènà. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tó wà nínú rẹ̀ wà ní ipò omi lábẹ́ ìfúnpá ńlá, gáàsì sì ni ó ń bò ó lórí, nítorí náà sílíńdà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ yóò ta omi tó tutù bí yìnyín sínú ẹ̀rọ, yóò sì bà á jẹ́. Aago ìfúnpá ara rẹ̀ kì í sì í sọ òótọ́ nípa iye tó kù: níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, aago náà yóò dúró síbì kan, ìgbà tí omi bá tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ já wálẹ̀, gáàsì sì lè tán láàárín iṣẹ́ lójijì. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo nìkan ló lè sọ iye tó kù ní tòótọ́. Ooru ìlú tún dá kún un, nítorí pé bí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì bá ti kọjá 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius kò lè wà ní ipò omi mọ́, ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta ní agbègbè Ìlobùú sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Sílíńdà tí wọ́n gbé sínú oòrùn tàbí sí yàrá tí kò ní fèrèsé yóò ní ìfúnpá tó ga ju bó ti yẹ lọ. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni kí òṣìṣẹ́ kà, kí ó má gbára lé ọ̀dà ara rẹ̀, nítorí pé àwọ̀ tí orílẹ̀-èdè kan ń lò yàtọ̀ sí ti òmíràn. Gáàsì ti ilé ìwòsàn ni kí wọ́n rà, kí asẹ́ sì wà láàárín ẹ̀rọ àti aláìsàn, nítorí ìpẹtà àti ọ̀rá inú sílíńdà tó ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò nílò àlàyé gígùn fún ẹni tó ń gbé Ọ̀ṣun. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ afẹ́gáàsì á dákẹ́, tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn, ikùn á sì máa rọlẹ̀ lórí irinṣẹ́ mímú tó ṣì wà nínú rẹ̀. Ìnfátà tó lè gbé ẹ̀rọ náà àti kámẹ́rà fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dìde kì í ṣe fàájì, sílíńdà kejì tó kún sì gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá, kì í ṣe nínú sítọ́ọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé.

Síbẹ̀, ohun tó ya ilé ìwòsàn tó ti gbáradì sọ́tọ̀ jù ni ẹ̀rọ kápínógíráàfù, èyí tó ń wọn kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì nínú èémí tí aláìsàn mí síta, tó sì ń ya ìrísí èémí kọ̀ọ̀kan sójú gíláàsì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka, tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ti dé ọ̀pọ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ ní Áfíríkà, tí àjọ Lifebox, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, sì ti kópa nínú pínpín in. Ṣùgbọ́n kápínógíráàfù ṣì ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ orí ìka kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ọ́síjìn aláìsàn tó ń gba ọ́síjìn kíkún lè wà ní 99 nínú 100 nígbà tí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, ọ́síjìn yìí sì máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn tí ewu bá ti ṣẹlẹ̀ tán. Púpọ̀ nínú ewu tí àgbéyẹ̀wò yìí ti mẹ́nu bà, yálà gáàsì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, gáàsì abẹ́ awọ, tàbí gáàsì inú iṣan, ojú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ hàn. Ilé ìwòsàn tó bá ní owó kámẹ́rà kejì lọ́wọ́ tí kò sì ní kápínógíráàfù kan ṣoṣo ti ná owó rẹ̀ síbi tí kò yẹ.

Àwọn aláìsàn kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ gáàsì kàn ju àwọn yòókù lọ, àwọn náà ni àwọn tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń bàjẹ́ kánkán ń mú kí òkúta dúdú máa dì sínú àpò òróòro wọn láti kékeré, nítorí náà wọ́n wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó nílò yíyọ àpò náà, yálà ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí láàárín àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ihò kékeré ń ṣe wọ́n láǹfààní, nítorí pé ìrora díẹ̀ ń jẹ́ kí wọ́n lè mí kanlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kíkan, òtútù àti ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn fàà, tí gáàsì lè fà lápapọ̀, jẹ́ ohun tó ń sọ ẹyin ẹ̀jẹ̀ wọn di ẹlẹ́nu dòjé. Fún wọn ni ìfúnpá kékeré, omi ara tó tó, aṣọ ìbora tó móoru àti ìwọ̀n èémí tí wọ́n ń ṣọ́ láìṣíjú ti di dandan. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, tó jáde ní 2013, fi hàn pé láàárín irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, 15 nínú 100 ló ní ìṣòro pàtàkì, nígbà tó jẹ́ 39 nínú 100 láàárín àwọn tí wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ sí lára. Ilé ìwòsàn tí kò ní ibi tó ti lè rí ẹ̀jẹ̀ tó dájú kò yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára wọn.

Lórí ọ̀rọ̀ ìfúnpá kékeré fún gbogbo ènìyàn, àríyànjiyàn ṣì ń lọ. Àgbéyẹ̀wò Cochrane ti 2014 rí i pé nǹkan bíi 90 nínú 100 aláìsàn ni wọ́n lè yọ àpò òróòro wọn pẹ̀lú ìfúnpá tó rẹlẹ̀ ju 12 lọ, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rí tó lágbára pé ó dín ikú tàbí ewu ńlá kù fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Èyí fi hàn pé ìlànà tó bójú mu ni kí oníṣẹ́ abẹ lo ìfúnpá tó kéré jù tí ojú rẹ̀ ṣì fi ń ríran, kí ó má sì sọ nọ́ńbà kan di òfin. Àwọn mìíràn ti lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: ní ìgbèríko India, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn olùwádìí láti Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣẹ́ abẹ ń fi irin tó ní apá gbé awọ ikùn sókè láì lo gáàsì rárá, iṣẹ́ náà sì ṣeé ṣe lábẹ́ oògùn tí wọ́n fún sínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò tíì gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, àyè tó ń ṣí sílẹ̀ kò sì fẹ̀ tó ti gáàsì, pàápàá lára ẹni tó sanra. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí sílíńdà kì í dé déédéé, tí akunilóorun kò sì pọ̀ níbẹ̀, yóò jàǹfààní bó bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ti gáàsì tí wọ́n mú móoru tí wọ́n sì mú rin kò tó ariwo tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ rẹ̀ ń pa, nítorí pé ooru ara tó ń fi kún kò pọ̀; aṣọ ìbora ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré. Èéfín tó ń bá gáàsì jáde ti di ọ̀rọ̀ láti ìgbà àrùn kòrónà ní 2020, asẹ́ lẹ́nu ihò ìtúgáàsì sì tó fún un.

Kí iṣẹ́ tó parí, gáàsì tó bá kù gbọ́dọ̀ jáde, ibi yìí sì ni ìkánjú ti máa ń ba iṣẹ́ rere jẹ́. Èyí tó bá kù sábẹ́ ẹran ààlà ń bí iṣan ìmọ̀lára tó ti ọrùn wá níbẹ̀ nínú, ìrora rẹ̀ sì ń hàn ní èjìká, níbi tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kò retí rẹ̀. Bí akunilóorun bá tẹ orí aláìsàn sílẹ̀, tí ó sì fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kanlẹ̀ nígbà márùn-ún nígbà tí ẹnu ihò ṣì ṣí sílẹ̀, gáàsì náà yóò tú jáde, ìwádìí sì ti fi hàn pé ìrora èjìká ń dín kù gan-an.

Aláìsàn tó padà sí Ìfọ́n tàbí Ìlobùú ní ọjọ́ kejì ń padà sí ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kò sí níbi iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìrora èjìká tó ń dín kù láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, àti awọ tó ń dún tí ó sì ń rọlẹ̀, kì í ṣe ohun tí ń dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ikùn tó ń le sí i, ibà, ẹsẹ̀ kan tó wú, tàbí èémí tó ń hẹ, jẹ́ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fi oògùn ìrora bò mọ́lẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ ìfun tí abẹ́rẹ́ gún tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Lẹ́tà tí aláìsàn ń mú lọ sílé yẹ kí ó sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ inú ikùn rẹ̀, ìfúnpá tí wọ́n lò, iye wákàtí tí iṣẹ́ náà gbà, bóyá gáàsì ṣìnà lọ sábẹ́ awọ tàbí kò ṣìnà, àti nọ́ńbà fóònù yàrá àwọn aláìsàn tí ẹnìkan yóò gbé lóru.